Owó Tó Wọ Èkìtì, Níbo Ló Ń Sùn?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wọn ní Adó-Èkìtì ni mo tún kọ síhìn-ín. Mo gé ìkíni gígùn kúrò, ṣùgbọ́n mo fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí sílẹ̀ síbi tí wọ́n ti bi mí gẹ́lẹ́, nítorí àwọn ìbéèrè yẹn ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀.

Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, alága, akápò, Èkìtì kete, mo kí yín o.

Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé tí ẹ fi pè mí ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí àìdọ́gba owó tó ń wọlé fún aráàlú, àti ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé agbègbè. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní tí mo bá sọ ọ́ bó ṣe wà yìí, kí n tó dé ìdajì, ẹ ó ti máa wo aago, òórùn ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí á sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo wá yí i padà sí ìbéèrè tí ọmọdé lè bi ìyá rẹ̀: owó tó wọ Èkìtì, níbo ló ń sùn?

Ẹ bá mi lọ sí ìparí oṣù. Púpọ̀ nínú owó tí ìpínlẹ̀ yìí ń ná, Àbújá ló ti ń wá, láti inú àpò àpapọ̀ tí wọ́n ń pín lóṣooṣù. Ó wọ àpò ìjọba, ó di owó oṣù, fóònù dún nínú àpò olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ yẹn, tí ẹ bá dé Ọjà Ọba, ẹ ó mọ̀ láìbéèrè. Aláta ń rẹ́rìn-ín, ọlọ́kadà ò gbà kéèyàn dúnàá dúrà. Tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ara ọjà ti rọ̀. Níbo lowó náà gbà? Ìrẹsì tí olùkọ́ rà ti òkè òkun wá. Sìmẹ́ǹtì tó rà ti Ọbàjánà wá, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọṣẹ, mílíìkì, bàtà ọmọ, Èkó ni. Ẹni tó tà á fún un mú èrè díẹ̀ sílẹ̀, alábàárù gba owó ẹrù, ìyókù wọ mọ́tò padà síbi tó ti wá kílẹ̀ tó mọ́. Owó yẹn kàn gba Èkìtì kọjá ni. Kò sùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, kì í ṣe ìṣirò tó le. Ẹ fi 100 náírà sọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́wà. Ká ní nínú gbogbo 100 tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílùú yìí, 60 ló máa ń ná fún ará ìlú rẹ̀, 40 ló ń jáde. Ìyá ẹlẹ́wà ná 60 fún alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ ná 36 fún onígàrí. Onígàrí ná 21 náírà àti nǹkan fún télọ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ lé e títí tó fi tán pátápátá, 100 náírà yẹn ti ṣiṣẹ́ 250 náírà nínú ìlú. Ẹ wá jẹ́ ká ní 20 péré ló ń sùn nílé nínú 100. Gbogbo rẹ̀, látòkè délẹ̀, á jẹ́ 125. Owó kan náà ni, ìlú kan náà ni.

Ta ló wá ń ná 60 nílé, ta ló ń ná 20? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àìdọ́gba ti wọlé. Ẹ wo ọmọ àgbàṣe tó gba owó iṣẹ́ òòjọ́ lóko. Ó jẹ iyán ní búkà, ó gun ọ̀kadà, ó gẹrun, ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ọ̀mùò. Bóyá káàdì fóònù nìkan ló jáde. Ẹ wá wo kọ́ńtírátọ̀ tó gba iṣẹ́ ọ̀nà. Ilé rẹ̀ wà l'Ékòó, ọkọ̀ rẹ̀ ti Amẹ́ríkà wá, ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní Kánádà, bí inú bá run ún, Íńdíà ló ń lọ. Mi ò bú u o. Tó bá jẹ́ èmi ni, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí a bá gba owó lọ́wọ́ ogún èèyàn, tí a kó o fún ẹnì kan ṣoṣo, iye owó náà ò dín kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ń sùn ti yí padà.

Bàbá kan tó jókòó nítòsí ojú fèrèsé nawọ́ níhìn-ín. Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí olówó má lówó mọ́?"

Rárá, bàbá. Tí gbogbo wa bá jẹ́ ọgbọọgba nínú òṣì, kí la rí gbà? Àwọn kan tiẹ̀ wà láàárín onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí ọ̀rọ̀ wọn fara jọ ohun tí ẹ ń rò yẹn: wọ́n ní olówó ló ń tọ́jú owó pamọ́, owó tí wọ́n bá sì tọ́jú ni wọ́n fi ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà, àlàfo àárín olówó àti tálákà ni epo tó ń gbé ọkọ̀ rìn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ léèrè pé níbo ni ilé iṣẹ́ náà wà. Olówó tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, àlàfo rẹ̀ yàtọ̀ sí ti olówó tó fi owó Ìkẹ́rẹ́ ra ilẹ̀ sí Àbújá.

Báwo la tiẹ̀ ṣe ń wọn àlàfo yìí? Ọmọ Ítálì kan, Corrado Gini, ló gbé òṣùwọ̀n tí ayé ń lò kalẹ̀ ní 1912. Ẹ fọkàn yàwòrán odó iyán kan tí èèyàn mẹ́wàá yí ká. Tí òkèlè gbogbo wọn bá dọ́gba, òṣùwọ̀n yẹn á pè é ní òdo. Tí ẹnì kan bá gbé gbogbo iyán lọ, tí mẹ́sàn-án ń wo ojú ọpọ́n, á pè é ní 1. Àárín méjèèjì ni gbogbo orílẹ̀-èdè wà. Gúúsù Áfíríkà ju 0.6 lọ, ó wà lára àwọn tó burú jù láyé. Nàìjíríà wà ní nǹkan bí 0.35. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ o. Ẹ ní ṣé Nàìjíríà yìí náà ni. Òun ni. Ìnáwó inú ilé ni wọ́n fi ń ṣírò tiwa, kì í ṣe owó tó ń wọlé, ẹni tó lówó jù kì í sì í ṣílẹ̀kùn fún akọ̀wé tó ń béèrè iye tó ná lórí ata lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iyán tí wọ́n gbé wọ yàrá lọ, òṣùwọ̀n ò rí i.

Ohun tí òṣùwọ̀n rí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ. Lọ́dún 2019, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ fa ìlà òṣì sórí 137,430 náírà fún ẹnì kan lọ́dún kan. Díẹ̀ ló fi lé ní 376 náírà lójúmọ́. Nínú gbogbo 100 ọmọ Nàìjíríà, 40 ló wà lábẹ́ ìlà yẹn. L'Ékòó, wọn ò pé 5. Ní Ọ̀ṣun, wọ́n lé díẹ̀ ní 8. Ní Ògùn àti Ọ̀yọ́, wọn ò pé 10. Ní Oǹdó, wọ́n jẹ́ 12 àti ààbọ̀. Ní Èkìtì ńkọ́? 28. Àwa tí à ń pè ní orísun ìmọ̀, àwa la wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìwé yẹn, mo pa á dé.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà tí wọ́n ń pè ní Simon Kuznets. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni, Amẹ́ríkà ló ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1971. Lọ́dún 1955, ó kọ ìwé kan, ó sọ níbẹ̀ pé àìdọ́gba dà bí ìgbà tí mọ́tò ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n: tí ìlú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lóko bọ́ sí iṣẹ́ ìgbàlódé, àlàfo á máa ga sí i, tó bá ti dé orí òkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọba fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tó ń sọ fún tálákà ni pé kó ní sùúrù. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé Kuznets fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé bóyá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí òun sọ ló jẹ́ ohun tí òun rí, àròsọ ni márùndínlọ́gọ́rùn-ún tó kù. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí gbólóhùn yẹn ju nítorí òkè rẹ̀ lọ.

Ọdún 1955 kan náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹẹrẹ, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Wọn ò dúró de orí òkè. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, bí bàbá mi ṣe wọ ilé ìwé nìyẹn. Tí wọ́n bá ní kí bàbá bàbá mi sanwó, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ àkọ́bí ọkùnrin fún ìyàwó àgbà ni ì bá lọ, bàbá mi ì bá wà lóko. Àwọn onímọ̀ méjì, Galor àti Zeira, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1993 pẹ̀lú ìṣirò tó gùn: tálákà ò rí owó yá, nítorí náà kò lè rán ọmọ níléèwé, ọpọlọ ọmọ náà ṣòfò, kì í sì í ṣe ilé wọn nìkan ló pàdánù, gbogbo ìlú ni. Èkìtì ti mọ èyí kí wọ́n tó kọ ọ́. Àwọn ìlú wa ti ń dáwó jọ rán ọmọ ẹlòmíràn lọ sí Christ's School àti lẹ́yìn rẹ̀ sí òkè òkun.

Ẹ̀yin ẹ rò pé mo ti fẹ́ kí Èkìtì kú oríire. Ó kù díẹ̀. A máa ń fọ́nnu pé kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan. A kì í béèrè ibi tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń gbé. Ará Sweden kan, Gunnar Myrdal, sọ ọ́ ní 1957 pé tí ibì kan bá ti ń gòkè, omi méjì ló máa ń ṣàn láàárín rẹ̀ àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ọ̀kan ń tàn jáde: iṣẹ́, ọjà, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sílé. Èkejì ń fà wọlé: ó ń fa ọ̀dọ́, ó ń fa owó, ó ń fa ọgbọ́n. Tí èyí tó ń fà bá lágbára ju èyí tó ń tàn lọ, ibi tó ga á máa ga sí i, kòtò á máa jìn. Èkó ń fa Adó. Adó ń fa Ìkọ̀lé àti Ìjerò. Ọ̀dọ́kùnrin tó yẹ kó máa ro oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ̀ wà ní Òkèṣà yìí tó ń gun ọ̀kadà. A wá jókòó níbí, à ń sọ pé Èkó ń rẹ́ wa jẹ. Ará abúlé tó wà lẹ́yìn wa, kí lòun ń sọ nípa wa?

Ọ̀rọ̀ owó tó ń sùn níbòmíràn yìí ti pẹ́ jù wá lọ. Kí ló bí ogun Kírìjì? Ajẹ́lẹ̀. Ìbàdàn fi èèyàn tirẹ̀ sínú ìlú wa kọ̀ọ̀kan láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, iṣu Èkìtì, ewúrẹ́ Èkìtì, ọmọ Èkìtì, Ìbàdàn ló ń sùn. Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀, Èkìtì Parapọ̀ dìde, ó di 1886 kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ẹ̀yìn náà ni kòkó dé. Láti 1947, àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí àjọ náà dá, tó ń tà á fún òyìnbó ní iye tí ọjà òkèèrè bá pè é. Nígbà tó yá, èrè àárín méjèèjì ń kó jọ sí Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí Cocoa House, àjà 26, tí wọ́n parí ní 1965. Ìbàdàn náà lẹ́ẹ̀kan sí i! Ẹ má pè mí ní ọ̀tá Ìbàdàn o, ibẹ̀ ni mo ti gba dìgírì. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òdodo: nínú owó kòkó kan náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti jáde. Èyí tó sùn ní Ìbàdàn di ilé gíga. Èyí tó padà wálé di bàbá mi.

Wọ́n tú àwọn àjọ yẹn ká ní 1986. Lọ́dún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn bàbá tí oko wọn ṣì wà kọ́ ilé, wọ́n ra mọ́tò. Àwọn tí wọ́n ti fi oko dógò tàbí tí wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn ń wòran. Tí a bá ní ibi tí a ti ń sọ kòkó di ohun jíjẹ níbí, ọmọ tí kò jogún igi kankan náà ì bá rí nǹkan kan mú nínú ọdún yẹn. Kòkó tútù la ń tà, owó tútù la ń gbà.

Àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò o, kí n má tàn yín. Ní 1994, ìwé méjì jáde tó ní àìdọ́gba ń dá ìdàgbàsókè dúró. Ní 2000, Kristin Forbes ní láàárín ọdún díẹ̀, ó tiẹ̀ lè mú un yára. Lọ́dún náà gan-an, Robert Barro ní ọwọ́ ibi tí a bá wà ló wà: ó ń pa ìlú tálákà lára, kò pa ìlú olówó lára. Ní 2014, àwọn mẹ́ta kan ní IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, tí ẹnikẹ́ni ò lè pè ní ọ̀rẹ́ mẹ̀kúnnù, rí i pé ibi tí àlàfo ti kéré ni ìdàgbàsókè ti ń yára tó sì ń pẹ́, àti pé pípín owó kiri ní ìwọ̀nba kò dí i lọ́wọ́. Tèmi ni pé Èkìtì kì í ṣe ìlú olówó, nítorí náà, ìdí Barro ni mo jókòó sí.

Ẹ rántí owó àwọn arúgbó. Ní 2011, nígbà ìjọba Fáyẹmí àkọ́kọ́, ìpínlẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65, tí wọn ò ní olùrànlọ́wọ́, ní 5,000 náírà lóṣù. Mi ò bá ti ìṣèlú wá síbí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ fi ojú ìṣirò wa wò ó. Kò sí ìyá àgbà tó fi 5,000 ra ilẹ̀ sí Lẹ́kì. Ó ra epo, ó ra èlùbọ́, ó ra oògùn ẹsẹ̀, ó ra ìwé fún ọmọ ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láàárín abúlé. Àwọn kan pè é ní àánú. Èmi pè é ní owó tó mọ ibùsùn rẹ̀. Ẹ tún rántí àwọn ọdún tí owó oṣù ń pẹ́ kó tó dé. Ebi tó pa olùkọ́ ò tó èyí tó pa aláta, ẹni tí kò sí lórí ìwé owó oṣù kankan.

Ó kù ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rù láti sọ, nítorí ẹ̀yin lẹ gbé mi wá, ẹ̀yin lẹ máa fún mi lóúnjẹ. Òfin yín ni pé ẹni tó bá ní 200,000 nípamọ́ lè yá 400,000. Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan lè yá méjì. Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni, ó ń dáàbò bo owó yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe: ẹni tó ti ní ni à ń fún sí i. Ìyá tó ń yan gàrí ní Ìlawẹ̀, tí 150,000 péré lè bá a ra ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ kó yé sanwó fún ẹlòmíràn, kò sí nínú ẹgbẹ́, tó bá tiẹ̀ wọlé, á tó ọdún mélòó kó tó kó 75,000 jọ? Àwa tí à ń gba owó oṣù sì ń yá mílíọ̀nù méjì ra ọkọ̀ tòkunbọ̀. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò bá ní, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lówe yẹn.

Akápò, ìyá kan tó fi gèlè aláwọ̀ búlúù wé orí, dìde. Wọ́n ní, "Tíṣà, a ti gbọ́. Ẹ sọ ohun kan tí a lè ṣe kó tó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀kan péré."

Ìrẹsì ọdún, ìyá. Lọ́dọọdún, ní oṣù Ọ̀pẹ, ẹgbẹ́ yìí máa ń ra ìrẹsì fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Èló ni àpò rẹ̀ lọ́dún tó kọjá? (Wọ́n dáhùn láti ẹ̀yìn: ó lé ní igba àpò.) Igba àpò, òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ìgbẹmọ kò jìnnà síbí, láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti ń gbọ́ orúkọ ìrẹsì wọn. Ẹ ra ìdajì níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn láti ìsinsìnyí, kí wọ́n mọ iye tí wọ́n máa gbìn. Ẹ san díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n má baà lọ yá owó èlé.

Akápò ní, "Òkúta ńkọ́?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni, òkúta máa ń wà nínú rẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta wà, òun gan-an ni ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ yá àwọn ará Ìgbẹmọ lówó fún. Alága ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Akọ̀wé kọ ọ́. Akápò ní òun ò tíì gbà o, àfi kí òun kọ́kọ́ sè é wò. Kí n bá òun wá kóńgò méjì tí mo bá ń bọ̀.